Titans 2025: ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n mú ní draft sórí ìwọ̀n

Kúnlé615
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé Titans. Draft ọdún 2025, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (NFL) ti ń yan àwọn ọmọ yunifásítì níkọ̀ọ̀kan, ti parí ní Green Bay, ọmọ mẹ́sàn-án la kó wọ Tennessee Titans wa. Kí ẹnikẹ́ni tó máa pín máàkì A àti F bí àwọn oníròyìn ṣe ń ṣe, mo fẹ́ ká fi ojú iṣẹ́ wò wọ́n. Iṣẹ́ wo ni wọ́n torí ẹ̀ mú oníkálukú? Kí ni wọ́n fi rà á? Kí la máa wò nígbà ìgbaradì tá a fi máa mọ̀ bóyá ọjà tó dáa ni? Orúkọ wọn rèé, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi mú wọn, ipò wọn àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti wá:

1 – Cam Ward, quarterback (tó ń ju bọ́ọ̀lù), Miami
52 – Femi Oladejo, edge (tó ń lé quarterback láti etí ìlà), UCLA
82 – Kevin Winston Jr., safety (tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn), Penn State
103 – Chimere Dike, receiver (tó ń gba bọ́ọ̀lù tí quarterback jù), Florida
120 – Gunnar Helm, tight end (tó ń dènà, tó sì ń gba bọ́ọ̀lù), Texas
136 – Elic Ayomanor, receiver, Stanford
167 – Jackson Slater, guard (tó ń dènà lórí ìlà iwájú), Sacramento State
183 – Marcus Harris, cornerback (tó ń ṣọ́ receiver), California
188 – Kalel Mullings, running back (tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré), Michigan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà 35 tá a gbé fún Seattle, tí wọ́n fi 52 àti 82 pààrọ̀ ẹ̀ fún wa. Nick Emmanwori ni wọ́n fi mú, safety tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 3, tó sá yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.38. Ṣé a ò ti ta góòlù ra idẹ báyìí?

Akápò
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Nínú tábìlì tí Jimmy Johnson, olùkọ́ Dallas nígbà kan, fi sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì fi ń díwọ̀n pàṣípààrọ̀ draft, máàkì 550 ni nọ́ńbà 35. Nọ́ńbà 52 jẹ́ 380, 82 jẹ́ 180, àpapọ̀ wọn 560. Lórí ìwé, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Ohun tó mú pàṣípààrọ̀ yẹn níláárí ni pé a ò ní nǹkan kan ní ìpele kẹta mọ́. A ti fún Kansas City ní tiwa nígbà tá a gba cornerback L'Jarius Sneed lọ́dún 2024. Ká ní a jókòó sí 35, ọmọ 67 ni wọn ì bá mú lójú wa kó tó tún kàn wá ní 103. Ẹgbẹ́ tó jáwé olúborí nínú ìdíje 3, tó pàdánù 14, kò lè fara da irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ díwọ̀n Emmanwori, kó gbé Oladejo àti Winston pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó gbé Oladejo nìkan síbẹ̀ ti fi ìdajì owó sílẹ̀ lórí tábìlì.

Àgbà_Fíìmù
Akápò ti sọ ti owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Oladejo jẹ́, torí mo ń rí àwọn tó ń retí sack 10 (kéèyàn gbá quarterback mọ́lẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù) lọ́dún àkọ́kọ́.

Inside linebacker, ìyẹn ẹni tó ń dúró lẹ́yìn àwọn ará ìlà, ni nígbà tó wà ní Cal (yunifásítì California), ibẹ̀ náà ló wà nígbà tó dé UCLA. Àárín sáà 2024 ni wọ́n tó sún un sí etí ìlà. Sack 4.5 ló ní ní sáà yẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bí ìdajì sáà ṣe iṣẹ́ kan la rà, kì í ṣe ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tán. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun.

Ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí ni dídí etí fún ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Tí runner bá fẹ́ gba ìta, Oladejo á gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ tackle, ẹni tó ń dènà ẹ̀, láyà, á na apá gbọọrọ, á sì jẹ́ kí ejìká ẹ̀ tó wà lóde ṣí sílẹ̀. Runner á wá ní láti yí padà sínú, níbi tí àwọn ará àárín ìlà wa, Jeffery Simmons àti T'Vondre Sweat, ti ń dúró dè é. Iṣẹ́ yẹn kì í jáde nínú fídíò oníṣẹ́jú kan tí wọ́n ń pín kiri, ṣùgbọ́n òun ló máa gbé e wọ pápá ní down (ìgbìyànjú) kìíní àti ìkejì.

Ìṣòro ẹ̀ wà ní ìgbéra. Ojú linebacker ṣì wà lára ẹ̀: ó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlà kó tó gbé ẹsẹ̀. Linebacker tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́n, edge tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Ìkejì, tí tackle bá ti dá ọgbọ́n àkọ́kọ́ ẹ̀ dúró, ó máa ń fi agbára nìkan tì í lọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ọgbọ́n ìkejì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó rèé. Ẹ wá fíìmù All-22, èyí tó ń fi gbogbo agbábọ́ọ̀lù 22 hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà nínú NFL+ Premium fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tó wà níbòmíràn, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú Game Pass tó wà lórí DAZN. Ẹ dá fíìmù dúró lásìkò tí center, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún quarterback, bá gbé bọ́ọ̀lù. Ẹ wá jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ẹsẹ̀ Oladejo nìkan. Tí bọ́ọ̀lù ti kúrò nílẹ̀, tí àwọn yòókù lórí ìlà ti gbéra, tí òun ṣì wà lójú kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é fún ogún snap, ìyẹn ogún ìgbà tí center bá gbé bọ́ọ̀lù. Tí ìgbà tó pẹ́ bá ń dín kù láti ìdíje ìgbaradì kìíní sí ìkẹta, ó ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn, bí kò tiẹ̀ ní sack kankan.

Ẹ má sì ka sack nìkan. Ẹ ka gbogbo ìgbà tó dá quarterback láàmú: tó lù ú, tó lé e kúrò níbi tó dúró sí, tó mú kó ju bọ́ọ̀lù ṣáájú àsìkò. Sack lè jẹ́ ti ẹni tí quarterback sá bọ́ sí lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tún kọ ẹni tó ń bá a jà sílẹ̀. Sack méjì lórí tackle tí wọ́n máa lé lọ́jọ́ kejì, ní ìdá kẹrin ìdíje oṣù kẹjọ, ìyẹn kò tó nǹkan tí èèyàn ń pariwo lé.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_HTX
Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀ àmọ́ tá a ò fẹ́ sọ: orúkọ Femi Oladejo ló ń mú kí inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn sí i. Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wù ẹ̀ kó lọ rà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti mú ṣáájú ẹ̀ síbi iṣẹ́ kan náà, ní ìpele kan náà.

Azeez Ojulari, nọ́ńbà 50 lọ́dún 2021, Giants. Sack 8 ló ní lọ́dún àkọ́kọ́, àfi bí ìfarapa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jókòó. Àbúrò ẹ̀, BJ, nọ́ńbà 41 lọ́dún 2023, Cardinals: orúnkún ni kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kankan ní sáà 2024. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ edge dáadáa ju Oladejo lọ lọ́jọ́ tí wọ́n mú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé "ọmọ wa ni, á ṣe é" kó sì pè é ní àyẹ̀wò.

Ẹni tí mo máa fi wé e gan-an ni Foyesade Oluokun, torí òun náà yí ipò padà, láti safety sí linebacker. Yale ló ti wá, nọ́ńbà 200 ni wọ́n fi mú un lọ́dún 2018. Lọ́dún 2021 ó gbá èèyàn mọ́lẹ̀ ní ìgbà 192, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ ní NFL. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Jacksonville, ó tún ṣe 184, òun náà ló tún ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wo déètì: ọdún kẹrin lórúkọ ẹ̀ tó dé ẹnu gbogbo èèyàn.

Kúnlé615
Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Ẹni wo ló máa gba àyè Oladejo lọ́dún yìí?

Àgbà_Fíìmù
Arden Key àti Dre'Mont Jones ló máa bẹ̀rẹ̀. Harold Landry ti lọ ní oṣù kẹta, ìdí nìyẹn tí àyè fi ṣí. Tí Oladejo bá gba snap 25 sí 30 nínú ìdíje kan, ó ti tó fún un. Tó bá kọjá ìyẹn kíákíá, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnì kan ló farapa kẹ́ ẹ tó máa jó.

Nọ́ọ̀sì_Orúnkún
Lórí Winston, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é ní ọjà tó ti bàjẹ́, ẹ rọra. Iṣan inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL ló ya ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìdíje méjì péré ló gbá ní sáà yẹn. Oṣù 9 sí 12 ni irú ẹ̀ sábà máa ń gbà kéèyàn tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn á bọ́ sí àárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ọdún yìí.

Tí ibùdó ìgbaradì bá ṣí ní ìparí oṣù keje, tẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sórí ìwé PUP tàbí NFI, ìwé àwọn tí ara wọn kò tíì yá láti gbá bọ́ọ̀lù, kò tíì sí nǹkan kan. Wọ́n lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́ tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé ẹgbẹ́ kù sí èèyàn 53 ló ṣe kókó. Tó bá ṣì wà lórí ìwé yẹn lọ́jọ́ náà, ó kéré tán kò ní gbá ìdíje 4 àkọ́kọ́. Èrè ibẹ̀ ni pé kò ní gba àyè kankan nínú 53.

Tó bá ti wọ pápá, ẹ má jẹ́ kí eré tààrà tó ń sá tàn yín. Eré tààrà ló máa ń kọ́kọ́ padà. Iṣẹ́ safety ni kó máa fẹ̀yìn rìn, kó yí ìbàdí, kó tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ gírígírí, kó sì já síwájú. Ẹ wo ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ kò tíì balẹ̀ sí orúnkún ẹ̀ á gbé ìgbésẹ̀ kúkurú méjì sí mẹ́ta níbi tó yẹ kó gbé ẹyọ kan, tàbí kó máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yí sápá ọ̀tún àti òsì. Ìgbésẹ̀ àlékún yẹn ló ń fún receiver ní yáàdì kan tó fi ń ya á sílẹ̀. Agbára iṣan lè ti padà tán kí èyí tó lọ, ó sì lè di sáà kejì.

Àwọn safety wa, Amani Hooker àti Xavier Woods, wà nílé, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa kánjú gbé e jáde.

Ìyá_Antioch
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti gbé ìjà lọ sí edge àti safety, ẹ ò rí ibi tí ẹgbẹ́ wa ti ń sun ẹkún jù lọ́dún tó kọjá. Ẹgbẹ́ àkànṣe ni: àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù padà lẹ́yìn punt (bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kejì gbá jìnnà nígbà tí ìgbìyànjú wọn kò já sí nǹkan) àti kickoff (èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré). Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lọ mú John Fassel, olùkọ́ ẹgbẹ́ àkànṣe, wá láti Dallas, ìdí kan náà ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Dike yé mi.

Dike sá yáàdì 40 ní 4.34. Lára receiver nìkan, wọ́n lè sọ pé wọ́n sanwó jù fún un ní 103. Àmọ́ ẹ wo òfin tuntun. Láti sáà 2025, tí wọ́n bá gbá kickoff wọ end zone (ìpẹ̀kun pápá) tààrà láti òkè, tí wọn ò gbé e jáde, yáàdì 35 la ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 30 mọ́. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò ní fẹ́ fún wa ní yáàdì 35 lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á máa gbá a sáàárín goal line (ìlà tó wà níwájú end zone) àti yáàdì 20, bọ́ọ̀lù tó bá sì bọ́ síbẹ̀, dandan ni ká gbé e sá. Ẹni tó yá lẹ́sẹ̀ tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ti níye lórí ju bó ṣe wà lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Lórí punt, ẹ má wo bó ṣe sáré. Ẹ wo bó ṣe gbà á:
– Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti dúró kí bọ́ọ̀lù tó dé, àbí ó ṣì ń sáré bọ̀ lábẹ́ ẹ̀?
– Ṣé ìgunpá méjèèjì sún mọ́ra, àbí apá ẹ̀ là gbalasa?
– Tó bá ti dúró ní yáàdì 10, ṣé ó ń fẹ̀yìn rìn tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù? Kò gbọ́dọ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá kọjá orí ẹ̀ níbẹ̀, kó fi sílẹ̀ kó yí wọ end zone.

Ayomanor ńkọ́? Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tá a rà lẹ́yìn Ward. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 2, ó sá 4.44, ó sì lágbára láti bá cornerback fà á. Ìdíje ẹ̀ pẹ̀lú Colorado lọ́dún 2023, yáàdì 294, ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ìdíje kan yẹn díwọ̀n ẹ̀ o. Ohun tó jẹ́ kó jábọ́ dé 136 ni bọ́ọ̀lù tó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2024. Tí ẹ bá ń wo ìgbaradì, ẹ wo bóyá ọwọ́ ló fi ń mú bọ́ọ̀lù níwájú ara ẹ̀, àbí àyà ló ń dúró kó fi gbà á. Ti àyà ló máa ń ta dànù.

Kúnlé615
Ìyá wa, Xavier Restrepo ńkọ́? Òun àti Ward jọ gbá ní Miami, kò sì sẹ́ni tó mú un ní draft rárá.

Ìyá_Antioch
Kò sí receiver tó kó yáàdì tó tiẹ̀ jọ nínú ìtàn Miami, ó sì sá 4.83 níwájú àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún NFL. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó mọ ibi tí àyè wà, Ward sì mọ ibi tó máa dúró sí láìwò ó. Ṣùgbọ́n Calvin Ridley, Tyler Lockett, Van Jefferson, Dike, Ayomanor ti di márùn-ún, Treylon Burks ṣì wà níbẹ̀. Receiver márùn-ún sí mẹ́fà ni ẹgbẹ́ sábà máa ń tọ́jú. Ẹnì kẹfà sì gbọ́dọ̀ lè sáré lọ gbá èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn punt. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wo Restrepo, kì í ṣe níbi tí Ward ti ń ju bọ́ọ̀lù sí i.

Akápò
Kí Restrepo má sì bọkàn jẹ́ tí wọ́n bá gé e. Èèyàn 16 ló ń wà lábẹ́ 53 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ìgbaradì (practice squad), 13,000 dọ́là lọ́sẹ̀ sì ni owó ọmọ tuntun níbẹ̀ lọ́dún 2025.

Àgbà_Fíìmù
Ó ti ku Ward nìkan tó ṣòroó sọ. Yáàdì 4,313, touchdown 39, interception (bọ́ọ̀lù tó jù tí ẹgbẹ́ kejì gbà mú) 7 ní 2024. Gbogbo èèyàn ti rí apá ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti apá sílẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa wò. Àkọ́kọ́, àkókò. Ẹ fi aago fóònù ka àkókò láti ìgbà tí center bá gbé bọ́ọ̀lù dé ìgbà tó kúrò lọ́wọ́ Ward. Tó bá ń lé ní ìṣẹ́jú àáyá 3 léraléra, láìṣe pé wọ́n ṣètò kó sáré jáde, wàhálà ń bọ̀. Ní Miami ó lè sá yí ká kó tó ju bọ́ọ̀lù, ní NFL edge á ti dé.

Ìkejì, ọwọ́ méjèèjì. Bọ́ọ̀lù máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, láti Washington State ló ti ń bá a bọ̀. Tó bá ń rìn nínú pocket (àyè tí àwọn ará ìlà iwájú ń dáàbò bò fún un) tí ọwọ́ òsì kúrò lára bọ́ọ̀lù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bí bọ́ọ̀lù náà kò tiẹ̀ jábọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìkẹta, gbígba bọ́ọ̀lù ní tààrà lábẹ́ center. Shotgun, ìyẹn kó dúró jìnnà sẹ́yìn center, ló pọ̀ jù ní Miami. Tí Brian Callahan, olùkọ́ àgbà wa ní 2025, bá fẹ́ kí running back wa, Tony Pollard, sáré dáadáa, kí play-action (ṣíṣe bíi pé wọ́n fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré) sì tan linebacker, Ward gbọ́dọ̀ lè kẹ́yìn sí defense, kó yí padà, kó sì rí ibi tí safety ti lọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ ni ìyẹn, ó sì máa ń pẹ́.

Ó tún dáa pé wọ́n ti gbé Dan Moore sí left tackle, tí JC Latham ń lọ sí ọ̀tún. Tí ẹ bá rí sack, ẹ wo ibi tó ti wá kẹ́ ẹ tó dá ọmọ náà lẹ́bi.

Akápò
Owó Ward ń lọ sí mílíọ̀nù 49 dọ́là fún ọdún mẹ́rin pérépéré. Dak Prescott, quarterback Dallas, nìkan ń gba mílíọ̀nù 60 lọ́dún kan. Àlàfo yẹn ni a fi lè san owó Moore. Torí pé ìpele kìíní ni wọ́n ti mú un, ẹgbẹ́ lè fi ọdún karùn-ún kún un, ẹ̀yìn sáà kẹta ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ pinnu. Oladejo àti àwọn yòókù kò ní irú àǹfààní yẹn, ọdún mẹ́rin ni tiwọn.

Helm náà, owó ló ṣàlàyé ẹ̀: àdéhùn Chig Okonkwo, tight end wa, ń parí lẹ́yìn sáà 2025. Ó gba bọ́ọ̀lù 60 mú ní Texas ní 2024. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló fi sá 4.84, wọ́n sì fi ìyẹn dín owó ẹ̀ kù. Pọ́ùn 241 kéré láti dènà edge NFL o, ẹ má retí ẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yìí.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_HTX
Slater, Harris, Mullings?

Àgbà_Fíìmù
Slater wá láti ilé ẹ̀kọ́ kékeré, Bill Callahan ló sì ń kọ́ àwọn ará ìlà iwájú wa ní 2025, kò tún sí olùkọ́ tó dára jù ú lọ fún irú ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń jẹ́ kó gbá center pẹ̀lú guard, torí ẹni tó bá mọ ipò méjì ló ń yè. Mullings ti ṣe linebacker rí, yóò wúlò fún Fassel. Harris kò ga, àárín pápá ló máa ti rí iṣẹ́.

Akápò
Ẹ fi èyí kún un. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2025, aago 4 ìrọ̀lẹ́, ni gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní 53. Tí wọ́n bá lé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì lo sáà mẹ́rin, orí waiver, níbi tí ẹgbẹ́ mìíràn ti lè gbà á, ló ń lọ, ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ní sáà tó kọjá ló sì máa kọ́kọ́ yàn. Àwa ni ẹgbẹ́ yẹn. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe àwọn tó wà ní Nashville nìkan ni Harris àti Mullings ń bá dupò. Cornerback tí ẹgbẹ́ tó ní púpọ̀ bá lé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn lè gba àyè Harris kó tó di ọjọ́ kejì. Ẹ má tíì sùn lé ìwé 53 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé jáde.

Kúnlé615
Aago 4 Nashville?

Akápò
Rárá o, aago New York ni. Aago 3 ọ̀sán ni Nashville, aago 9 alẹ́ ní Nàìjíríà.